Iṣu Bàbá Mi tí Ọmọ Ìlora Rà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ìdí tí mo fi pẹ́ kí n tó lọ sílé ọkọ. Iṣu ni. Iṣu kan ṣoṣo, tí mi ò gé, tí mi ò sè, tí mi ò tilẹ̀ fi ọ̀bẹ kàn, ló gba ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú á tún máa bí mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1994 ni mo kọ́kọ́ rí Olúṣèyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fìdítì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan gun alùpùpù wọ ọgbà wa, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú oòrùn, ó ní ọmọ Ìlora ni òun, pé òṣìṣẹ́ ìlera ni òun, òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ibà. Mo ní kó máa bọ̀. Kò tíì kí mi tán tó fi gba ìdí ìkòkò omi mi lọ ní kọ̀rọ̀ kíláàsì. Ó ṣí i, ó bojú wo inú rẹ̀, ó sì pe àwọn ọmọ jọ.

"Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn?"

"Tanwíji ni, sà!"

"Tanwíji tó ń jó nínú omi yìí, kí ló máa dà bó bá dàgbà?"

Wọn ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀fọn ló máa dà. Ẹ̀fọn yẹn ló máa jẹ yín tí ibà fi máa gbé yín dè. Ta ló ni ìkòkò?"

Ogójì ọmọ nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Tíṣà wa ni, sà!"

Ló bá gbé ìkòkò mi jáde, ó da omi rẹ̀ nù sẹ́yìn kíláàsì. Omi tí mo fi orí ara mi rù láti ìdí ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé! Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pọn òmíràn fún mi o. Ẹ ò ní lọ báyìí."

"Màá pọn ọ́n," ló fèsì, bí ẹni pé ohun tó bá wá gan-an nìyẹn.

Ó sì pọn ọ́n lóòótọ́. Ó so kẹ́ẹ̀gì méjì mọ́ alùpùpù, ó fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, ó wá fi aṣọ dé e lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá wo ìkòkò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta náà ńkọ́? Ó wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìkòkò ló ń wá wò, mo sì ti ń pààrọ̀ ìró àti bùbá mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí kó tó fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dáadáa.

Òun ló sọ fún mi pé wọ́n ti ń ta nẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń rì bọ oògùn, tí ẹ̀fọn bá ti fara kàn án, ó parí. Ó ní àwọn aboyún àti ọmọ ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ní in, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ àwọn. Ó sọ ọ́ tìbànújẹ́ tìbànújẹ́. Ó ti rí ọmọ méjì tí ibà pa lójú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Èmi ni mo la ẹnu mi, ẹ gbọ́ o, èmi fúnra mi ni mo sọ pé, "Ìkórè ìjọ wa ń bọ̀. Bàbá mi ni alága. Ẹ jẹ́ ká fi owó gbàǹjo ra nẹ́ẹ̀tì fún ìlú."

Bàbá mi, Díákónì Obadiah, àgbẹ̀ ni, tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fa irùngbọ̀n, wọ́n ní ó dára. Nígbà tí Ṣèyí wá kí wọn nílé, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ní làákàyè." Màmá mi ń wò mí, mo ń wo ilẹ̀. Ayọ̀ mi kún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gbàǹjo ìjọ wa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dọ̀ wa, àgbẹ̀ tó bá gbé iṣu tó tóbi jù wá síwájú pẹpẹ, òun náà ló máa rà á padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi owó lé e, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣu ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, gbogbo ìjọ á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí onígbàǹjo bá ti lè pe ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo ẹnu á pa, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún olóko. Owó á wọlé fún Ọlọ́run, iyì á padà sílé pẹ̀lú iṣu. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ Fìdítì tó bá ti ń rìn ló mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ sí mi lọ́kàn láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ìkórè dé. Iṣu Bàbá ga dé ìbàdí mi. Bàbá Bámidélé, onígbàǹjo wa, gbé e sókè, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo owó, Bàbá sì ń fò sókè bí ọmọdé.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ Díákónì! Ẹ̀ẹ̀kíní! Ẹ̀ẹ̀kejì!"

Ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Bàbá ti ń na ọwọ́ sí iṣu wọn.

"Ẹgbẹ̀rún náírà!"

Mo mọ ohùn yẹn. Mo yíjú padà, Olúṣèyí ló dúró ṣánṣán láàárín àwọn àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo ṣẹ́jú fún un, ó rò pé mò ń yìn ín. Bàbá ní ẹgbẹ̀fà. Ó ní ẹgbèje. Bàbá fọwọ́ kan àpò agbádá, wọn ò mú owó púpọ̀ wá, ta ní í mú owó púpọ̀ wá ra iṣu ara rẹ̀? Bàbá Bámidélé ń wò yíká bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sá gbà. Kò rí. Ó pe ẹ̀ẹ̀kẹta. Ṣèyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá mi, ó dìde, ó gbé iṣu lé èjìká, ó jáde.

Mo bá a lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń so iṣu mọ́ alùpùpù.

"Kí lo ṣe yìí, Ṣèyí?"

"Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa ní Ìlora, bí o bá fẹ́ bu ọlá fún àgbà, ọjà rẹ̀ lo máa rà. Bí owó bá ṣe ga tó ni ọlá náà ṣe ga tó. Wùnmí, owó oṣù mi ni mo kó lé e!"

Ẹ wò mí. Ìlora àti Fìdítì, ọ̀nà kan náà, mọ́tò kan náà, Bíbélì kan náà. N ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n fi ẹsẹ̀ gbá alùpùpù náà ṣubú.

Nígbà tí mo délé, Bàbá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. "Ó ra iṣu mi mọ́ mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ tó lè gba iṣu lọ́wọ́ mi níṣojú ìjọ, kí ni yóò ṣe fún ọmọ mi ní kọ̀rọ̀ yàrá? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. N ò fẹ́ rí i nílé yìí mọ́, Adéwùnmí."

"Bàbá, kò mọ̀ ni. Àṣà tiwọn yàtọ̀."

"Àṣà tiwọn ni kí wọ́n máa fẹ́ níyàwó."

Mo tọ Àǹtí Àbọ̀dé lọ, àbúrò Bàbá, ẹni tí gbogbo ìdílé ń lò bí alárinà. Ọlọ́run mọ̀ pé obìnrin náà ní ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rán an, kò ní í débẹ̀ bí ẹ ṣe rán an. Ṣèyí ní kí wọ́n bá òun bẹ Bàbá bí òun bá ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀. Àǹtí dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n ní, "Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe." Bàbá ní, "Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sọ fún un kó lọ gbé iṣu mi wá." Àǹtí dé Ìlora, wọ́n fi tiwọn kún un: "Inú Bàbá ti yọ́ díẹ̀. Gbé iṣu wá."

Ni Ṣèyí bá lọ ra iṣu ńlá kan lọ́jà, ó fi rọ́bà pupa dè é, ó gbé e wá. Bàbá wò ó.

"Èyí kọ́ ni iṣu mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tuntun ni."

"Iṣu mi dà?"

"Mo ti gbé e fún ìyá mi, sà."

Bàbá dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà lẹ́nu wọn ni pé àwọn ará Ìlora ti gún ọlá àwọn níyán, wọ́n ti fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí lèèyàn tún ń fi iṣu ṣe?

Nẹ́ẹ̀tì dé kí òjò ọdún 1995 tó bẹ̀rẹ̀, ogójì àti mélòó kan. Ṣèyí wá fi bí wọ́n ṣe ń so ó kọ́ hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi, ojú tèmi náà kò kúrò lára rẹ̀. Àwọn aboyún ń jó. Bàbá pín in bí alága, ṣùgbọ́n wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì ọmọ Ìlora kò ní í kan ibùsùn tiwọn. Màmá mi kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gba ọ̀kan tó ṣẹ́kù, wọ́n so ó kọ́ sí yàrá tiwọn. Bàbá wà ní yàrá tiwọn, wọ́n ń gbá ara wọn létí nítorí ẹ̀fọn.

Bàbá wá ọkọ fún mi ní Àwẹ́, tíṣà kan tó ń jẹ́ Akínwálé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló wá jókòó sí pálọ̀ wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀fọn jẹ ẹ́ débi pé ó ń fi bàtà kan họ ẹsẹ̀ kejì bó ṣe ń sọ fún mi pé òun fẹ́ràn obìnrin tó ní sùúrù. Ibà dè é lọ́sẹ̀ yẹn, kò padà wá mọ́. Mo gbàdúrà fún ara rẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Ìkórè ọdún náà, Bàbá kọ̀ láti gbé iṣu lọ, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni wọ́n gbé lọ. Mo ti pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn tí mo jù lọ ti ń pọn ọmọ kejì, wọ́n á bojú wo ikùn mi kí wọ́n tó kí mi. Èmi àti Ṣèyí wá ń pàdé lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn fún àwọn onímọ́tò, bí olè.

"Lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i," mo wí fún un.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ti ẹ̀ẹ̀kẹrin, nínú ẹrẹ̀ ni."

"Ó dáa, ṣé bá a ṣe máa wà nìyí? Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ tètè lọ, Wùnmí. Ebè ló kù tí a fẹ́ kọ lóko ìyá mi."

Ebè! Èmi ń sunkún lẹ́bàá títì, ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ ebè. Gbogbo Sátidé ló ń ro oko ìyá rẹ̀, àfi bí ẹni tí kò ní ìyàwó láti wá. Lọ́jọ́ náà mo rìn délé pẹ̀lú ìbínú, mo sì bi ara mi bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, àbí èmi nìkan ni mò ń dá ìyọnu yìí ṣe. N ò rí ìdáhùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, ibà dá Bàbá dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta nínú òjò kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbọ̀n, eyín wọn ń lu ara wọn. Màmá mi bá dìde. Wọ́n di Bàbá lápá mú, wọ́n mú wọn wọ yàrá Màmá, wọ́n tẹ́ wọn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Nígbà tí ara Bàbá yá, wọ́n ní ibẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, pé àwọn kàn fẹ́ sinmi níbẹ̀ ná. Wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Màmá mi fi ìdí ilẹ̀kùn ìdáná bo ẹ̀rín, wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n ò rí i kó sun yàrá mi fún oṣù mẹ́ta gbáko rí."

Àfi bí Bàbá ṣe sọ ní oṣù kọkànlá pé kí wọ́n tún fi gbàǹjo ra nẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn agboolé tí kò rí gbà. Wọ́n tún lọ wa iṣu. Mo sáré ránṣẹ́ pe Ṣèyí. Mo ní, "O máa wá, nítorí ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n bí o bá la ẹnu rẹ níbi gbàǹjo, má wá sí Fìdítì mọ́ láyé." Ó búra fún mi.

Bàbá Bámidélé gbé iṣu sókè. Bàbá mi ní, "Igba náírà!" wọ́n sì wo yíká, wọ́n ń retí.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ń wo bàtà wọn. Láti ọjọ́ ìjà yẹn, ta ló fẹ́ fi owó lé iṣu Díákónì?

"Igba náírà, ẹ̀ẹ̀kíní..." Ohùn Bàbá Bámidélé ti ń lọ sílẹ̀.

Mo rí ojú Bàbá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yé mi pé yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni ọlá, pé iṣu tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹ dù, bí èyí tí wọ́n fi tọrẹ fún ẹ ló rí. Bàbá yíjú pa dà sí ìjókòó àwọn àlejò.

"Ọmọ Ìlora! Ṣé ẹnu rẹ ti di ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yí ọrùn. Ṣèyí kò dáhùn. Èmi ló ń wò. Ó ti búra fún mi, yóò sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ bí ó bá tilẹ̀ máa pa wá lára. Ọlọ́run, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin olóòótọ́! Mo kọ́kọ́ mi orí, kò tó, mo wá pariwo láti ìjókòó akọrin: "Fi owó lé e, Ṣèyí!"

"Ọ̀ọ́dúnrún, sà!"

"Irinwó!" ni Bàbá ké, fìlà wọn ti ṣí.

"Ẹgbẹ̀ta!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn àgbà náà jí, wọ́n ń pariwo owó tiwọn. Owó náà kọjá ti ọdún 1994, ó tún kọjá a lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá ti di owó sí àpò agbádá ọ̀tún àti ti òsì. Ìgbà tí Bàbá Bámidélé pe ẹ̀ẹ̀kejì, Ṣèyí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó dọ̀bálẹ̀.

Bàbá gba iṣu wọn. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣèyí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Dìde, gbé e. Ilé mi lo máa gbé e lọ."

Màmá mi gún un. Bàbá àti Ṣèyí jókòó ti ìdí abọ́ kan náà, èmi àti Àǹtí Àbọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì di Àǹtí lọ́wọ́ mú kí wọ́n má baà bá ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá gé òkèlè, wọ́n bi í láìgbójú sókè:

"Iṣu mi ọjọ́sí. Ṣé ó dùn lẹ́nu ìyá rẹ?"

"Bàbá, ìyá mi ò jẹ ẹ́."

Ọwọ́ Bàbá dúró.

"Wọ́n ní a kì í jẹ iṣu àna ẹni nígbà tí wọn ò tíì fún wa níyàwó. A gé e ní ẹ̀bù mẹ́sàn-án, a gbìn ín. A wa mẹ́sàn-án lọ́dún àkọ́kọ́. A tún gé gbogbo rẹ̀, a gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la wa ti ọdún yìí."

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélógójì, sà. Méjìlélógójì fún ìdána. Ìyá mi ní ọ̀kan tó lé, ẹ̀bù ni."

"Iṣu mi ni gbogbo rẹ̀?"

"Iṣu yín ni, sà."

Bàbá dìde. Wọ́n ní ata ti ta sí àwọn lójú, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ata nínú ọbẹ̀ náà tó lè ta sí ọmọ ọwọ́ lójú.

Èmi ní tèmi, ara mi ń gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣèyí. Ọdún méjì! Iṣu wà nínú ebè, èmi ń sunkún lẹ́bàá títì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó wò mí pẹ̀lú ojú rere yẹn, ojú tó ń múni bínú yẹn. "Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyá mi sì ní a kì í ka iṣu tó ṣì wà nínú ilẹ̀."

N ò tíì rí ohun tí màá fi gbá a nígbà tí Bàbá padà wọlé. Wọ́n jókòó, wọ́n fa abọ́ mọ́ra, wọ́n sì pe oríkì mi, èyí tí wọn ò pè láti ọjọ́ ìkórè burúkú yẹn.

"Àṣàkẹ́."

"Bàbá."

"Fún ọkọ rẹ lómi."

Mo dìde. Mo dé ìdí ìkòkò, mo ṣí aṣọ tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo bu omi kún ife, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbà á. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó fi ara balẹ̀ wò ó bóyá tanwíji wà níbẹ̀, kó tó mu ún.